Ẹni Tí Ó Fẹ́ Sọ Ewú Di Dúdú Nínú Ilé

 

Lẹ́tà tí ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ ewú kò kéré. Ọkùnrin ń kọ, obìnrin ń kọ. Bàbá kan ní òun fẹ́ gbé ọmọ òun níyàwó ní òpin oṣù, òun kò sì fẹ́ kí àwọn àna rí orí òun ní funfun. Ẹlòmíràn ní wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ òun, ewú sì ti bo orí òun ju ọjọ́ orí òun lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí ó mú kí n pinnu pé ọ̀rọ̀ yìí ni a ó sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá kan ni ó kọ ọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun ti fi dáì kun irun òun tí ohunkóhun kò ṣe òun. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, àbúrò ọkọ òun ni ó bá òun kùn ún. Ní ọjọ́ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún òun. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹta, ojú òun ti wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta, kò sì ṣí mọ́. Ó ní dáì kan náà ni òun ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, inú páálí kan náà, ọ̀dọ̀ òǹtajà kan náà. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé kì í ṣe pé àbúrò ọkọ òun fi nǹkan sí i?

Ìyá, mo ti rí ìbéèrè yín. Mo máa dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà tí ó yẹ dé ibẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé gbogbo wa.

OHUN TÍ EWÚ JẸ́

Àwọn baba wa ní ewú ni ogbó, irùngbọ̀n ni àgbà. Ewú kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ìtìjú. Irun tí ó wà lórí ènìyàn tó nǹkan bí 100,000, èyíinì ni ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ihò tirẹ̀ nínú awọ orí. Ní ìsàlẹ̀ ihò náà ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa da àwọ̀ sí ara irun bí ó ti ń hù lọ. Àwọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ náà a rẹ̀, wọn a máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, irun tí ó bá sì jáde láti inú ihò tí kò ní òṣìṣẹ́ mọ́, funfun ni yóò jáde.

Irun tí ẹ ń rí lórí yín ti kú, gẹ́gẹ́ bí orí èékánná ti kú. Ìdí nìyí tí a fi ń gé e tí kì í dùn wá. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá fi kun irun, ara òkú irun náà ni ó ń kùn. Kò lè jí òṣìṣẹ́ tí ó ti kú ní ìsàlẹ̀. Irun a máa gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan lóṣù. Nígbà tí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, funfun yóò ti yọjú ní ìdí irun. Ẹni tí ó bá ń ta òróró fún yín pé yóò sọ gbòǹgbò ewú di dúdú títí ayé, owó yín ni ó ń wá.

Ohun tí ó ń mú ewú tètè yọ pọ̀. Bí bàbá tàbí ìyá ènìyàn bá tètè hewú, ọmọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sìgá mímu wà lára rẹ̀. Àìtó fítámì B12 nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àìsàn ẹṣẹ́ tí ó wà ní iwájú ọ̀fun, tí àwọn dókítà ń pè ní táírọ́ìdì. Bí ewú bá bo orí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò dáì.

BÍ DÁÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Oríṣi mẹ́ta ni aró irun tí ó wà lọ́jà. Èkíní ni èyí tí ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ara irun. Bí a bá fọ orí lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Èkejì a máa wọ inú irun díẹ̀, a sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń fọ orí, nígbà mẹ́fà sí méjìlá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kì í ṣí, àfi bí irun bá hù jáde tí a sì gé e kúrò. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, òun náà sì ni ó ní ewu jùlọ.

Ohun tí ó ń sọ irun di dúdú nínú ẹ̀kẹta yìí ni kẹ́míkà kan tí orúkọ rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn: paraphenylenediamine. Àwọn onímọ̀ ń ké orúkọ rẹ̀ kúrú sí PPD, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì máa pè é. Ọ̀gbẹ́ni August Wilhelm von Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1863. Ní ọdún 1907, Eugène Schueller, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ìlú Paris, ṣe aró irun tirẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn aṣerunlóge. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1909 ni ó di L'Oréal.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. PPD kéré púpọ̀, kò sì ní àwọ̀ dúdú nígbà tí ó bá kọ́kọ́ wọ inú irun. Omi kejì tí a ń pò mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide, ni ó ń mú kí àwọn wóró PPD di ara wọn mú, tí wọ́n fi ń tóbi, tí wọ́n sì ń dúdú. Ó dà bí àwọn ọmọdé tí wọ́n gba ihò ọgbà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé inú, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n di agbo ńlá, wọn kò sì lè gba ojú ihò kan náà jáde mọ́. Ìdí nìyí tí ọṣẹ kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ má ṣe rò pé dáì oníyẹ̀fun tí a ń fi omi lásán pò kò ní PPD. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní in. Ẹ wo ara páálí, ẹ ó rí orúkọ gígùn yẹn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí toluene-2,5-diamine, ẹbí kan náà ni wọ́n.

ÌDÍ TÍ OJÚ ÌYÁ NÁÀ FI WÚ

Wàyí o, ìyá, ẹ gbọ́ ìdáhùn yín. Àbúrò ọkọ yín kò fi nǹkan kan sí i. Ara yín ni ó kọ dáì náà.

Ara ènìyàn ní àwọn ọdẹ tirẹ̀. Ẹ fi wé ọdẹ àdúgbò. Bí àlejò kan bá gba àdúgbò kọjá lẹ́ẹ̀kíní, ọdẹ a wo ojú rẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. Bí ó bá tún kọjá, ọdẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọdẹ bá pinnu pé olè ni àlejò yìí, yóò fọn fèrè, gbogbo àdúgbò yóò sì tú jáde pẹ̀lú kùmọ̀. Bí ara ṣe ń ṣe sí PPD nìyẹn. Ẹnì kan lè lò ó fún ọdún mẹ́wàá kí ọdẹ ara rẹ̀ tó fọn fèrè. Ẹlòmíràn kò ní lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kì í ṣe dáì ni ó yí padà. Ara ni ó ti dá a mọ̀.

Ohun mìíràn tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ìjà yìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè pé ọjọ́ kan, ó lè pé méjì tàbí mẹ́ta, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, kí etí àti ìpàkọ́ tó léròrò, kí ìpéǹpéjú tó wú. Awọ ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni ó máa ń wú jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni a kùn. Nígbà tí ènìyàn kò bá mọ èyí, yóò máa ka gbogbo ẹni tí ó bá pàdé láàárín ọjọ́ méjì náà, yóò sì máa fura sí wọn. Ẹbí ti dàrú nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ lọ bá àbúrò ọkọ yín, kí ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìyá, ẹ gbọ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe lo dáì tí ó ní PPD mọ́ láyé yín. Ọdẹ ara kì í gbàgbé. Bí ẹ bá lò ó lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó lè le ju ti ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ, ó sì lè dí yín ní ọ̀nà ọ̀fun. Kí ẹ sọ fún dókítà tí ó bá ń tọ́jú yín, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tí ó jọ ọ́ tí ara yín lè kọ̀ pẹ̀lú, bí irú ìpara benzocaine tí wọ́n fi ń pa ara kú kí ó má dùn.

Mo fẹ́ kí àwọn ìyá ìyàwó àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin fetí sí èyí náà. Láàlì tòótọ́ kì í dúdú kirikiri lára. Pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ni ó máa ń ní. Nígbà tí ẹ bá rí láàlì tí ó dúdú bí ẹ̀dú ní wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po dáì irun mọ́ ọn. Awọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin ti kọ́kọ́ pàdé PPD, láti ara irú láàlì bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n fẹ́ kun ewú, ọdẹ ara wọn ti ń dúró dè é.

ÌDÁNWÒ ỌJỌ́ MÉJÌ

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè bi ara léèrè kí a tó da nǹkan sí orí. Ní wákàtí 48 kí ẹ tó lo dáì, ẹ po díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé inú páálí bá ti wí. Ẹ fi fọ́nrán òwú kun ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ní ẹ̀yìn etí tàbí ní inú ìgbọ̀nwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ má sì fọ ibẹ̀ títí ọjọ́ méjì yóò fi pé. Bí ibẹ̀ bá yún, tí ó pọ́n, tí ó wú, tàbí tí ó léròrò, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fún dáì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó ti dáhùn.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kun irun ni kí ẹ ṣe ìdánwò yìí, àní bí ẹ tilẹ̀ ti ń lo dáì kan náà láti ọdún márùn-ún. Ẹ ti rí i nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí pé àná kọ́ ni òní. Ìdánwò náà kò sì lé gbogbo ewu lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń mú ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é nítorí pé alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ra dáì fún ìnáwó ọjọ́ Sátidé. Bí ìnáwó bá wà níwájú yín, ẹ ṣe ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ sì kun irun ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ara bá tilẹ̀ bínú, ó ti rọ̀ kí àlejò tó dé.

BÍ A TI Í ṢE É

Bí ìdánwò bá dára, ẹ tẹ̀lé ètò yìí.

Èkíní: Ẹ yẹ orí wò. Bí ó bá ní egbò, èélá, tàbí ibi tí a fi òòyà họ, ẹ dúró kí ó san ná. Ẹ má kun irun ní ọjọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara na irun, nítorí pé ìpara náà ti bó awọ orí. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn. Ẹ má sì fọ orí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe a máa dáàbò bo awọ orí.

Èkejì: Ẹ wo ara páálí. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa mójú tó oúnjẹ, oògùn àti ìpara. Ẹ wo ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́. Dáì tí wọ́n bù sínú ọ̀rá lásán tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìwé, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Ẹ̀kẹta: Ẹ jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ wọ aṣọ àgbọ̀ọ̀wọ̀ àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹni tí ó bá ń báni kùn ún náà gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi òrí tàbí fasilíìnì pa iwájú orí, ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́, kí dáì má bàa lẹ̀ mọ́ awọ.

Ẹ̀kẹrin: Abọ́ ike tàbí tánganran ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ má lo abọ́ irin, nítorí pé irin a máa bá peroxide jà. Ìwọ̀n tí ẹ ó lò nìkan ni kí ẹ pò. Ẹ má po dáì oríṣi méjì pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ wo aago. Iye ìṣẹ́jú tí ìwé bá sọ ni kí ẹ fi í sílẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí irun rẹ̀ dúdú sí i nítorí pé ó fi dáì sùn. Awọ orí nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ tẹ orí sẹ́yìn, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Ẹ da ìyókù nù. Ẹ má dé ìdérí mọ́ èyí tí ẹ ti pò, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò. Abọ́ tí ẹ fi pò ó kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń kun irùngbọ̀n, ètò kan náà ni. Ẹ má kùn ún ní ọjọ́ tí ẹ fá irun, nítorí pé abẹ ti họ awọ. Bí ó bá jẹ́ onígbàjámọ̀ ni ó ń bá yín ṣe é, ẹ bi í pé kí ni ó wà nínú abọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi díẹ̀ dán ara yín wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kò ní bínú, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́.

OJÚ KÌ Í ṢE IBI ERÉ

Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi dáì irun kun ìpéǹpéjú tàbí irun ojú. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ń ta aró kan tí wọ́n ń pè ní Lash Lure fún àwọn obìnrin láti fi kun irun ìpéǹpéjú wọn. PPD ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1933, ó fọ́ ojú obìnrin kan tí ó fẹ́ lọ sí òde, àwọn mìíràn fara pa, ẹnì kan sì kú. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí oúnjẹ, oògùn àti ìpara ní ọdún 1938. Bí dáì bá ta sí yín lójú, ẹ máa da omi tí ó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

LÁÀLÌ, ÈLÚ ÀTI ARÓ ÌKÒKÒ

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé, ṣé kò sí ti ìbílẹ̀? Ó wà. Bí a bá fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ po ìyẹ̀fun ewé láàlì tòótọ́, tí a fi kun ewú fún wákàtí díẹ̀, yóò pọ́n. Bí a bá fọ̀ ọ́ kúrò, tí a sì fi ìyẹ̀fun ewé èlú tí kò ní àmúlùmálà kun orí rẹ̀, yóò ṣókùnkùn. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ara ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á. Ẹ ṣe ìdánwò tirẹ̀ náà, nítorí pé àwọn òǹtajà kan a máa po dáì mọ́ ọn, wọn a sì kọ láàlì dúdú sí ara ọ̀rá.

Ẹ má fi láàlì pa ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ kan wà, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣaláìní ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Láàlì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́ nínú ara rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí epo, ó sì lè kú.

Aró inú ìkòkò àwọn aláró, bí irú ti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláró ti ń lo kọ́sítíìkì sódà dípò omi eérú, ó sì lè bó awọ orí bí omi gbígbóná. Ẹ má bù ú sí orí. Ẹ má sì fi dúdú inú òkú bátìrì kun irun bí mo ti ń gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe. Májèlé wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn omi kan wà tí wọ́n ní yóò máa sọ ewú di dúdú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Òjé ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn kan lára wọn, lead acetate ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2018 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé òun kò fọwọ́ sí i mọ́ nínú aró irun. Bí ẹ bá rí orúkọ yìí lára ìgò, ẹ dá a padà.

BÍ ỌMỌ BÁ GBÉ E MU

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Dáì dúdú jẹ́ májèlé ńlá bí ó bá gba ẹnu wọlé. Ní ilẹ̀ Sudan, Morocco, India àti Pakistan, àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọmọdé wà lára wọn, tí ó kú nítorí rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ojú, ahọ́n àti ọrùn a wú, èémí a sì máa há. Lẹ́yìn náà ni iṣan ara a máa run, ìtọ̀ a dúdú bí omi kòkó, kídìnrín a sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí oògùn kan pàtó tí ó ń pa á. Àwọn dókítà ní láti ṣí ọ̀nà èémí, kí wọ́n sì bá kídìnrín ṣiṣẹ́ títí yóò fi sàn. Nítorí náà, wákàtí kan kò ṣeé fi ṣòfò.

Bí ọmọ bá gbé e mu, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Epo lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ìpalára yóò sì di méjì. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e dìde lójú ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì mú páálí dáì náà dání kí dókítà lè rí orúkọ rẹ̀. Àní bí ara rẹ̀ bá dà bí ẹni pé ó yá, ẹ gbé e lọ. Wíwú ọrùn kì í sọ fún ni kí ó tó dé.

Ẹ tọ́jú dáì sí ibi gíga tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má da á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iyọ̀ tàbí súgà.

ÀRÙN JẸJẸRẸ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá dáì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nílẹ̀. Àjọ IARC, tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 2008. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ aṣerunlóge àti ti onígbàjámọ̀, tí ń fọwọ́ kan dáì lójoojúmọ́, fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí ó ń kun irun ara rẹ̀. Ní òpin ọdún 2019, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 46,709 fi hàn pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lo dáì tí kì í ṣí ní jẹjẹrẹ ọmú ju àwọn tí kò lò ó lọ, ní ìwọ̀n 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo àwọn obìnrin ìwádìí náà ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò obìnrin tí ó ti ní àrùn náà. Ní ọdún 2020, ìwádìí mìíràn lórí àwọn nọ́ọ̀sì 117,200, tí òyìnbó pọ̀ jù nínú wọn, kò rí ewu ní ti ọ̀pọ̀ jùlọ oríṣi jẹjẹrẹ. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí a má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ di ohun ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó. Bí funfun bá yọ ní ìdí irun, ìdí irun nìkan ni kí ẹ kùn. Aboyún lè dúró kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Ẹ̀yin aṣerunlóge, ẹ má ṣíwọ́ wíwọ ìbọ̀wọ́.

BÍ ARA BÁ KỌ̀ Ọ́

Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín tàbí kí ó yún yín nígbà tí dáì wà lórí, ẹ má fara dà á. Ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ìyún díẹ̀, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e, kí ẹ sì lọ rí dókítà tàbí apòògùn. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ojú tàbí ètè bá wú, tí èémí ń há, tí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Ìyá tí ó kọ̀wé sí mi, ewú yín kò ba yín jẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ bò ó, láàlì àti èlú tòótọ́ wà lẹ́yìn ìdánwò, gèlè náà sì wà. Bàbá tí ó fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tí ó kù yín kù. Bí kò bá tó láti ṣe ìdánwò, ẹ gé irun yín mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ dé fìlà yín, kí ẹ sì lọ. Àwọn àna tí yóò fún yín ní ọmọ wọn kì í ṣe orí dúdú ni wọ́n ń wá, ilé tí ọmọ wọn yóò gbé ní àlàáfíà ni.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́.